Ẹ̀bẹ̀ Aránṣọ Lọ́fíìsì Owó Orí

"Ọ̀lẹ ni ìyàwó yín, Bọ̀dá mi! Ọdún méjì gbáko, kò dá fọ́ọ̀mù owó orí padà!"

Arẹwà, àbúrò ọkọ aránṣọ, ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Arẹwà lọ́jọ́ tó wọlé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ẹnu èèyàn máa ń yá jù nígbà mìíràn.

Lẹ́tà ọ́fíìsì owó orí wà lórí tábìlì. Wọ́n bu owó ìtanràn ọdún méjì lé aránṣọ nítorí fọ́ọ̀mù tí kò dé. Bí kò bá san án di ọjọ́ Ẹtì, tàbí kó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ní ìdí gidi, wọn yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

"Arẹwà, ẹ̀yin ni mo kó àwọn fọ́ọ̀mù náà fún," ni aránṣọ sọ. "Mo san owó orí ní báńkì, mo so rìsíìtì mọ́ fọ́ọ̀mù. Ẹ ní ọ̀nà ibi iṣẹ́ yín ni, ẹ ó bá mi mú un lọ."

"Èmi? Kí n má rí ire bí mo bá fojú kàn án!"

"Má purọ́ mọ́ àbúrò mi," ni ọkọ sọ. "Lọ kọ̀wé pé o gbàgbé. Bí wọ́n bá sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa, Arẹwà á gbà á. Ó ti bá onílé sọ̀rọ̀."

Ẹ gbọ́ o. Wọn ò tíì ti ṣọ́ọ̀bù, ẹnìkan ti lọ bá onílé. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Aránṣọ ò sunkún, inú ò tilẹ̀ bí i. Ó padà sídìí iṣẹ́, torí oníbàárà kan fẹ́ gba aṣọ lọ́la.

Ahun paraku ni Arẹwà. Kò ju bébà nù rí. Gọ́ọ̀mù ló fi ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi le, yóò wá tà wọ́n fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti fi gé bátánì, àwòṣe tí aránṣọ fi ń gé aṣọ. Bí aránṣọ ṣe ń gé bátánì ọrùn aṣọ, bébà náà là sí méjì. Ó rí ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó fi omi rẹ gbogbo bátánì tó kù. Fọ́ọ̀mù ọdún méjèèjì jáde, pẹ̀lú rìsíìtì wọn. Iná ni ẹlòmíràn ì bá fi sun wọ́n, àmọ́ ahun ò jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú ọ̀gá owó orí. Arẹwà wá wo ìran. Aránṣọ kó ìwé ẹ̀bẹ̀ àti àwọn bébà náà sórí tábìlì.

Ọ̀gá wo òǹtẹ̀ báńkì. "Oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tó yẹ ni màdámú ti sanwó lọ́dún méjèèjì. Ta ló wá lẹ ìwé ìjọba pọ̀ báyìí?"

Ọkọ rọra yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ nìkan lo ń lẹ bébà nílé wa."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀gá fagi lé owó ìtanràn náà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Arẹwà ti kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Onílé ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Ọkọ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó da ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Ìyàwó mi, mo jẹ̀bi. Forí jì mí."

Aránṣọ ò gbójú sókè lórí máṣìnnì.

"Ẹ lọ kọ ọ́ sínú ìwé," ló sọ. "Ẹ kọ ìdí yín, kí ẹ sì so ẹ̀rí mọ́ ọn."