Nọ́ńbà tí Job Fi Sílẹ̀

Kí la ti mọ̀? Bí ẹ bá dé Dopemu, tí ẹ ń wá ilé ẹnìkan, orúkọ rẹ̀ lẹ máa dá fún ẹni tó mọ àdúgbò, òun ló sì máa júwe ilé. Bẹ́ẹ̀ ni íńtánẹ́ẹ̀tì rí. DNS là ń pe ẹni tó ń júwe ilé fún kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà rẹ̀ la máa ń kọ sínú kọ̀ǹpútà wa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ṣojú mi kòró.

Ìjọba alágbádá ti lo ọdún mẹ́rin lórí àlééfà lẹ́yìn táwọn ológun lọ. Ìyá Ọlámi, opó tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa l'Ọ́gbà, ránṣẹ́ pè mí lọ́sàn-án. Íńtánẹ́ẹ̀tì wọn kò ṣí mọ́. Ọmọ rẹ̀, Ọlámijùlọ, gbọ́dọ̀ fèsì fún yunifásítì lọ́jọ́ náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àyè rẹ̀ á bọ́. Omi òjò sì ti dí ọ̀nà káfẹ́ tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo wo nọ́ńbà DNS inú kọ̀ǹpútà wọn. Job, olóògbé ọkọ rẹ̀, ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan n'Íkẹjà ni. Wọ́n ti kógbá wọlé. Mo ti rí yàrá wọn: òfìfo.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́."

"Tíṣà, ẹnìkan wà níbẹ̀."

Ìyá Ọlámi tẹ *Job* síbi tí a ti ń kọ àdírẹ́sì. Ojú ewé funfun kan ṣí. *Èmi rèé.*

Mo yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tó lọ sórí òrùlé. Mo tún un tẹ̀.

*Èmi rèé.*

Òjò dá lójijì.

"Ojoojúmọ́ ni mo máa ń kí i," ni Ìyá Ọlámi wí. "Ẹ má lé e lọ."

"Màámi," Ọlámijùlọ ní, "ṣé Dádì á fẹ́ kí n jókòó sílé?"

Ìyá rẹ̀ kọjú sí ògiri. "Ẹ pa á rẹ́. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ di kíláàsì."

Mo kọ nọ́ńbà tuntun, mo ti wáyà bọ̀ ọ́ padà. Gbogbo nǹkan ṣí. Ọmọ náà fèsì. Ìyá rẹ̀ tẹ *Job*. Kò sóhun tó jáde.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ńbà àtijọ́ ti padà síbẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ dá a padà?" ni mo bi Ìyá Ọlámi.

"Èmi tí n kò mọ̀ ọ́n ṣe?"

*Job* kò dáhùn síbẹ̀. Mo ní kó dán orúkọ mìíràn wò. Ó tẹ tèmi. Kò dáhùn. Ó tẹ *Ọlámijùlọ*.

*Èmi rèé.*

Ọmọ náà dúró lẹ́yìn wa, búrẹ́dì lẹ́nu. Kò jẹ ẹ́ mọ́.

"Màámi, n kò sọ̀rọ̀ o."

Ó lọ sí yunifásítì. Ó wà láàyè dòní. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é, ó máa ń pẹ́ kó tó jẹ́ wa.

Ẹ wo nọ́ńbà DNS ilé yín. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ yọ wáyà, kí ẹ tẹ orúkọ ara yín. Ẹ dúró díẹ̀.