Ẹ Wá Bá Mi Jẹun

Obìnrin náà ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn, ó ti gé búrẹ́dì, ó ti to tòmátì àti ẹyin sísè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé ó bi í ní ìbéèrè tí kò tíì dáhùn, nígbà tí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin kan ló dúró níbẹ̀, ó gbé agbọ̀n ọsàn lé èjìká.

“Ẹ wá jẹun,” obìnrin náà wí.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí. Ẹni tó ń jẹun á ní kí ẹ wá jẹun, ẹ̀yin náà á ní á gba ibi ire, ẹ ó sì bá tiyín lọ. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kí ẹnikẹ́ni jókòó ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí sọ̀ agbọ̀n kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sétí ẹní, ó sì mú búrẹ́dì.

Ẹnu ya obìnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣètò ìgbafẹ́ fún àwọn tó bá fẹ́ jẹun níta. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mú inú ìyàwó rẹ̀ dùn létí odò, bí àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ bá fẹ́ pàdé lórí koríko, òun ni wọn yóò pè. Ó ní òfin tirẹ̀. Ohun tí a bá jẹ kò gbọdọ̀ jìnnà síbi tí a ti jẹ ẹ́: ẹja láti inú odò tí à ń wò, èso láti orí igi tó ṣíji bò wá, oyin láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sìn ín nítòsí. Kò sì ní kó ènìyàn lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì jẹun. Kí ọjọ́ tó pé, á ti lọ síbẹ̀ lákòókò kan náà, òun nìkan, á jẹun, á sì máa wo ibi tí òjìji ń sún sí àti ọ̀nà tí èèrà ń gbà. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló máa ń pè jẹun. Kò tíì rí ẹni tó jókòó rí.

Bàbá rẹ̀, tó fi ọkọ̀ wíwà jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló sọ ọ́ ní Atọpinpin. Láti kékeré, kò sí ohun tí kì í fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Ọkùnrin náà béèrè ẹni tó ń dúró dè. Atọpinpin ní oòrùn ni. Ó ní ìyá arúgbó kan wà lára àwọn tó ń bọ̀ lọ́la, òun sì ń wá ibi tí oòrùn kò ní bá a. Òṣìṣẹ́ inú ọgbà ló fún òun láyè. Ọkùnrin náà ní òun ló ni ọgbà náà. Ó wo igi, ó wo òjìji, ó ní bí ó bá jókòó díẹ̀ sí i, òjìji yóò fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kí Atọpinpin tó dìde, ó ti di etí ẹní mú, ó sì wọ́ ọ lọ sí ìdí igi kejì, tòun ti abọ́, tòun ti ẹni tó jókòó lé e. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú wọn.

Lẹ́yìn náà ni Atọpinpin wá béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

“Kí ló dé tí ẹ jókòó? Gbogbo ènìyàn ló máa ń ní á gba ibi ire.”

“Ìyá mi ló kọ́ mi. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ń jẹun níta, tó sì pè mí, n ò gbọdọ̀ kọjá.”

“Kí nìdí?”

Ọkùnrin náà tún mú búrẹ́dì. “N ò bi í rí.”

Atọpinpin wò ó bí ẹni wo ẹranko tí kò rí rí. Báwo ni ènìyàn ṣe lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́kàn láti kékeré, kó má sì béèrè ìdí rẹ̀? Ìyẹn gan-an ló mú kí ó tún padà wá. Ó ní ọsàn lòun wá rà. Nígbà tí ó tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ra ọsàn rárá.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ológbà, bí ó ṣe ń pe ọkùnrin náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Atọpinpin kì í dákẹ́, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Atọpinpin ń tẹ́ ẹní síbi tí oníbàárà kankan kò rán an lọ. Ológbà á ka ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù lórí igi, á gé e, á sì yọ kóró rẹ̀ kúrò kó tó gbé e fún un. Ó ń pè é ní ẹyinjú mi. Bí ó bá ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, Atọpinpin kì í béèrè ìdí.

Ní ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ kí Atọpinpin di aya òun. Atọpinpin gbà kí ó tó parí ọ̀rọ̀.

“Ó wá ku ìyá mi,” Ológbà wí. “Òun nìkan ló tọ́ mi. N ò lè gbé ìyàwó tí kò bá fọwọ́ sí.”

“Èmi náà ò sì lè wọ ilé tí ẹni tó ni ín ò bá fẹ́ mi,” ni Atọpinpin dáhùn, ó sì ti inú rẹ̀ wá.

Ìyá Ológbà ti fi iṣẹ́ aránṣọ tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Wọ́n ní ojú rẹ̀ mú débi pé bí òwú bá yọ lára aṣọ ẹni tó ń kọjá lójú títì, á rí i láti ojú fèrèsé rẹ̀. Atọpinpin rò ó títí, ó ní kí ni òun lè fi dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́lá ju iṣẹ́ ọwọ́ òun lọ? Ó yan ibi tó dára jù nínú ọgbà. Ó wá ẹja tútù, ó wá oyin, ó wá àga tó ní ìfẹ̀yìntì. Ó ti lọ jẹun síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti mọ ibi tí òjìji yóò wà.

Gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló máa ń bi ní ìbéèrè títí wọn á fi máa rẹ́rìn-ín: kí lẹ máa ń jẹ ní kékeré, ṣé ẹ ń bẹ̀rù èèrà, ta lẹ ò fẹ́ jókòó tì? Lọ́tẹ̀ yìí, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìfẹ́ ti dí i lójú, ó sì fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu.

Ìyá dé. Atọpinpin yára pàdé rẹ̀, ó kí i dáadáa, ó nawọ́ sí àga náà.

“Ẹ jókòó, mà. Ibi yín rèé.”

Ìyá wo àga. Ó wo aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sórí koríko, ó wo àwọn abọ́, ó wá wo ojú ọ̀nà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kọjá tí wọ́n ń yọjú.

“Èmi kì í jẹun níta,” ó wí. Kò pariwo. Ó yí padà, ó sì lọ.

Nígbà tí ó délé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé obìnrin tó ń kó ènìyàn jọ jẹun lójú gbogbo ayé kò lè jẹ́ ìyàwó òun. Ológbà bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, ìyá kò dáhùn mọ́. Ìgbà yẹn ni Ológbà tó wá sọ fún Atọpinpin pé nílé wọn, ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń tì kí wọ́n tó ṣí ìkòkò, wọ́n á sì fa aṣọ fèrèsé bò ó. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé rí.

Inú Atọpinpin bàjẹ́, ṣùgbọ́n kàyéfì náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ìyá kan náà tó ní kí ọmọ òun má kọjá lára ẹni tó bá pè é jẹun níta, òun ló tún ń ti ilẹ̀kùn kó tó jẹun? Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kó pa iṣẹ́ náà tì, kó lọ ṣí ìsọ̀ bíi tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ mi orí. “Ọmọ mi, a kì í fi tipátipá wọ ilé onílé,” ó wí. “Ṣùgbọ́n má tìtorí ọkọ di ẹlòmíràn.”

Atọpinpin àti Ológbà fẹnu kò pé kí àwọn má rí ara wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò jà. Ì bá sàn kí wọ́n jà. Ọsàn tí Ológbà fún un kẹ́yìn gbẹ sórí tábìlì rẹ̀, kò lè bó o, kò sì lè gbé e sọnù.

Kò pẹ́ ni ọ̀gá ilé ìwé kan tó ń fẹ̀yìn tì ránṣẹ́ pè é. Ó fẹ́ kí àwọn tí òun ti kọ́ rí wá bá òun jẹun lórí pápá ilé ìwé náà. Atọpinpin mọ pápá náà. Fèrèsé ìyá Ológbà ló kọjú sí i, títì tóóró kan péré ló wà láàárín wọn. Díẹ̀ ló kù kó kọ iṣẹ́ náà, àmọ́ ó ní òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí ni òun ń sá fún?

Ó lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, bí ìṣe rẹ̀, òun nìkan. Ó tẹ́ ẹní, ó gé búrẹ́dì, ó to ẹyin sísè. Oúnjẹ náà kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Oníbàtà kan kọjá, ó pè é, ó ní á gba ibi ire. Ìyá àti ọmọ kan kọjá, wọ́n ní á gba ibi ire. Ó ń wo òjìji, ó ń gbìyànjú láti má wo fèrèsé.

Ó ṣáà wò ó. Aṣọ fèrèsé ti ṣí díẹ̀, ojú kan sì wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Kí Atọpinpin tó mọ ohun tí ó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra sókè.

“Ẹ wá jẹun, mà.”

Aṣọ fèrèsé já bọ́ padà. Atọpinpin fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́.

Ó ń kó o lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Ìyá Ológbà jáde, ó gbé àpótí ìjókòó kékeré dání. Ó sọdá títì. Àwọn tó ń kọjá ń wò ó, òun náà sì ń wo iwájú rẹ̀ gan-an. Ó gbé àpótí náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó jókòó.

“Gbé oúnjẹ náà padà,” ó wí. “O pè mí. N ò lè ní á gba ibi ire.”

Atọpinpin gé búrẹ́dì fún un. Wọ́n jẹ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń sọ yìí, kò lè ṣe é kó má béèrè.

“Mà, kí ló dé tí ẹ jáde?”

Ìyá jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Ọmọdé ni mí nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ilé wa, tí ògiri sì wó. Ẹ̀bá ọ̀nà la ń gbé, ibẹ̀ la ti ń dáná. Oúnjẹ wà o. Bàbá mi á máa pe gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Àwọn tó ti jẹun lórí tábìlì wa rí, wọ́n á ní á gba ibi ire, wọ́n á sì yára ẹsẹ̀, bí ẹni pé àdánù wa á ràn wọ́n. Nígbà tó yá, bàbá mi ò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ó máa ń tẹ orí ba jẹun ni.”

Ó nu ẹnu rẹ̀.

“Mo ní èmi ò tún ní jẹun níta mọ́ láyé mi. Mo sì ní ọmọ tí mo bá bí ò ní ṣe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Láti ojú fèrèsé yẹn, mo rí i bí wọ́n ṣe ń kọjá lára rẹ.”

Omijé ti dé ojú Atọpinpin. Ó béèrè ìdí tí ìyá kò fi sọ fún ọmọ rẹ̀.

“Kò bi mí rí,” ìyá wí. Ó wá wo Atọpinpin, ẹ̀rín kékeré kan sì yọ lẹ́nu rẹ̀. “Ìwọ náà ò bi mí. Lọ́jọ́ yẹn, o fi àga hàn mí bí oníbàárà. O ò pè mí jẹun.”

Atọpinpin ní kí ó dárí ji òun. Ìyá ní kó fi ẹyin kan kún tòun, kó sì ránṣẹ́ pe ọmọ òun, nítorí ọkùnrin náà kò jẹun dáadáa mọ́, ó ti rù bí igi ìṣáná.

Nígbà tí ọsàn tún pọ́n, wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn nínú ọgbà náà. Atọpinpin ti lọ jẹun síbẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, Ológbà àti ìyá rẹ̀ sì bá a lọ. Ó rí ibi tí òjìji kò ní kúrò fún ìyá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá dúpẹ́, ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì lọ jókòó sétí ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ẹni tó bá kọjá, á pè é. Bí ó bá ní á gba ibi ire, ìyá á ní òun kò bi í léèrè ibi tí yóò gbà, òun ní kó wá jẹun ni. Àlejò tí wọn kò pè pọ̀ ju èyí tí wọ́n pè lọ. Ológbà jókòó tì í, ó ń bi í nípa ìjì náà, nípa bàbá rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sè nígbà náà, ìyá sì ń dá a lóhùn bí ó ti ń pe àwọn èrò ọ̀nà láàárín ọ̀rọ̀. Ìyàwó tuntun ń gé búrẹ́dì, ó ń ṣe kàyéfì bóyá á tó.

Bàbá arúgbó kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá ló dúró kẹ́yìn. Ó ní òun ìbá jókòó, ṣùgbọ́n orúnkún òun kò ní jẹ́ kí òun lè jókòó sílẹ̀. Ìyá Ológbà dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ fún un. Ó wá jókòó sórí ẹní, sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún òun.