Ímeèlì Tó Lé Ibùsùn Ọmọ Jáde

Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá obìnrin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ẹ̀sọ̀ dé iwájú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan ibùsùn ọmọdé, kò ríbi gbé ọkọ̀ sí. Àwọn ìyálọ́mọ ti gba gbogbo ojú títì. Òmíràn gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ń fa ibùsùn nílẹ̀. Òmíràn rù ú sórí bí igi ìdáná. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ímeèlì kan ti ilé iṣẹ́ náà wọlé sórí fóònù wọn, pé ibùsùn kan tí wọ́n tà ti wó lulẹ̀, ó ti pa ọmọ ọlọ́mọ, kí kálukú tètè gbé tirẹ̀ kúrò nílé.

Kò sí ọmọ tó kú. Ẹ̀sọ̀ ti wádìí ìyẹn ní gbogbo ọsibítù ìlú kó tó wá. Síbẹ̀, onílé iṣẹ́, obìnrin kan tó ti ń kan ibùsùn láti ìgbà ọmọge rẹ̀, jókòó sórí àpótí ìṣó. Ó ní akọ̀wé òun nìkan ló ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà, akọ̀wé náà ni kí wọ́n mú.

Wọ́n ti ti akọ̀wé náà, ọmọbìnrin kan, mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ẹ̀sọ̀ ní kó ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kì í kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí gbogbo ayé: ọ̀tọ̀ ni ti aboyún tó ṣì ń wá ibùsùn, ọ̀tọ̀ ni ti ìyá tó ti rà á, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá sì ti dàgbà, òun kì í yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Kí òun tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀, òun á kọ́kọ́ fi han àwọn díẹ̀, òun á wo bóyá wọ́n ṣí i, bóyá wọ́n dáhùn.

“Mà, lóṣù yìí la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun, ká máa fi ímeèlì nìkan polówó ibùsùn. Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ìgbẹ́kẹ̀lé wọn. Ṣé èmi náà ni màá wá fọwọ́ ara mi dà á nù?”

“Ta ló tún mọ pásíwọọ̀dù rẹ?”

Ó ní kò sí ẹnì kankan, àfi pé ìdí tábìlì kan náà ni òun àti Ẹsẹ̀-ò-gbélé jọ ń jókòó sí.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ni bàbá tó ń polówó ibùsùn náà láti ilé dé ilé. Nígbà tí Ẹ̀sọ̀ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó rẹ́rìn-ín. “Mo ti kìlọ̀ fún wọn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi, kì í ṣe inú fóònù.” Ó fi kún un pé ọmọ-ọmọ òun pàápàá ń sùn nínú ọ̀kan nínú ibùsùn náà.

Ẹ̀sọ̀ dúpẹ́. Ó jáde, ó wo àwọn ìyá tó dúró lójú títì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè èwo nínú wọn ni ọmọ bàbá náà. Kò sí níbẹ̀. Ló bá wá ilé ọmọ bàbá náà lọ.

Nírọ̀lẹ́, ó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sídìí ẹ̀rọ ìfági.

“Ẹni tó kọ ímeèlì yìí fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, títí kan aboyún tí kò tíì ra nǹkan kan. Akọ̀wé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bàbá, mo dé ilé ọmọ yín. Ọmọ-ọmọ yín ń sùn fọnfọn nínú ibùsùn tí gbogbo ìlú ń sá fún. Ìyá rẹ̀ ní ẹ pe òun lánàá, pé bí òun bá gbọ́ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ nípa ibùsùn, kí òun má kà á sí. Àárọ̀ òní ni ímeèlì wọlé. Ta ló ti sọ fún yín lánàá?”

Nígbà tí bàbá máa fọhùn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ni mo fi kó oníbàárà wọn jọ. Tí ètò tuntun bá yọrí, ta ló tún máa rán mi níṣẹ́? Mo wo ìka akọ̀wé nígbà tó ń tẹ pásíwọọ̀dù. Mo rò pé bí wọn ò bá gba ímeèlì gbọ́ mọ́, wọ́n á tún máa wá mi. Àmọ́ n ò lè jẹ́ kí ọkàn ọmọ tèmi já.”

“Tàwọn ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?” onílé iṣẹ́ bi í.

Ọlọ́pàá tó bá Ẹ̀sọ̀ wá mú bàbá náà jáde.

Onílé iṣẹ́ di ọwọ́ akọ̀wé mú. “Má bínú, ọmọ mi. Ìbẹ̀rù ló gbé mi wọ̀.” Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kọ ọ́ pé kò sọ́mọ tó kú, pé ọlọ́pàá ti mú ẹni tó parọ́, pé ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, àwọn á wá yẹ tirẹ̀ wò nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ìyá díẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀sọ̀ ò lọ. Òun náà dúró tì wọ́n, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èsì kan tó wọlé.

“Ẹ ṣeun gan-an. Orí ilẹ̀ ni mo tẹ́ ọmọ mi sí látàárọ̀, kò sì gbà kó sùn. Mo ti gbé e padà sínú ibùsùn rẹ̀. Ó ti ń hanrun.”

Ẹ̀sọ̀ gbé fìlà rẹ̀ dé orí. “Ó yá,” ó ní, “fi ránṣẹ́ sáwọn tó kù.”