Òṣíbàtà Ìdí-Ọ̀mọ̀

Ohun tí Túbọ̀sún kọ́kọ́ rí lára obìnrin náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ìyókù ara rẹ̀, láti orí títí dé ìbàdí, wà nínú ìkòkò.

Ìkòkò ńlá ni, irú èyí tí àwọn aláró fi ń rẹ aṣọ, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ dé ìdajì láàárín àgbàlá, níbi tí oòrùn ti ń rí i dáadáa. Túbọ̀sún wá wọn ẹnu ọ̀nà fún ilẹ̀kùn tuntun ni. Ó dúró, ó ń wò. Ẹsẹ̀ kan gbéra nílẹ̀. Ohùn kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti inú ìkòkò. Àyà gbẹ́nàgbẹ́nà wa já. Ó ju okùn ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré, ó gbá obìnrin náà mú, ó sì fà á jáde bí ẹni fa iṣu nínú ebè.

"Ta nìyẹn? Ta ló ń fà mí?"

Ojú tó yọ sí i kún fún ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ wà ní imú, ẹrẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹyinjú méjì tó mọ́ gaara sì ń wò ó tìbínú tìbínú. Ìṣáwùrú kékeré kan wà láàárín ìka rẹ̀.

"Ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ń rì ni."

"Kí n rì nínú ìkòkò ilé bàbá mi? Ìṣáwùrú ni mo ń ṣà. Wọ́n ń jẹ ewé òṣíbàtà wa." Ó gbé e sún mọ́ ojú Túbọ̀sún. "Àtàná ni mo ti ń lé èyí. Ẹ ò bá tiẹ̀ jẹ́ kí n mú ìyàwó rẹ̀ náà!"

Túbọ̀sún wo inú ìkòkò. Ewé roboto-roboto tẹ́ lórí omi, òdòdó funfun kan sì là sílẹ̀ láàárín wọn. Ó ti rí òṣíbàtà lójú odò rí, ṣùgbọ́n kò tíì rí èyí tí wọ́n ń sìn nínú ilé bí adìẹ. Ó yọ áńkáṣífù funfun láti inú àpò kóòtù rẹ̀, ó nà án sí ọmọbìnrin náà.

"Ẹrẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin, Ọ̀gbẹ́ni Sàró," ọmọbìnrin náà wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, èyí tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ni Túbọ̀sún bá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà kò lè mú un mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín. Tẹjúmádé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọlálẹ́yẹ tó ni ilé.

Ilẹ̀kùn kan kì í gbà ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ti ilé Ọlálẹ́yẹ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ṣé ilẹ̀kùn ààfin lò ń kàn ni?" Ọlálẹ́yẹ bi í.

"Igi yìí ló le, bàbá," Túbọ̀sún dáhùn, ojú rẹ̀ sì ń lọ síbi ìkòkò. Ọlálẹ́yẹ kì í ṣe ọmọdé. Ó rẹ́rìn-ín sínú, ó tún bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ fèrèsé mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Túbọ̀sún í ṣe. Nígbà tí ogun fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá inú igbó, wọ́n kó bàbá àti ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n tà wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ogun àwọn òyìnbó gbà wọ́n lójú òkun, ó já wọn sí Sàró, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, tó kọ́ iṣẹ́ igi, tó di Herbert Túbọ̀sún. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Àjàní, máa lọ sílé." Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti dé Abẹ́òkúta. Ó ní irinṣẹ́, ó ní ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní yàrá kan ní Aké. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó ń pè é ní Àjàní mọ́.

Bó ṣe ń fá igi ni Tẹjúmádé ń kọ́ ọ ní ìtọ́jú òṣíbàtà. Omi òjò ló fẹ́. Ewé tó bá pọ́n, láti ìsàlẹ̀ ni kí èèyàn ti já a. Bí ìṣáwùrú bá jẹ́ mẹ́wàá, kí o wá ìkọkànlá. Ohun kan ṣoṣo tí kò sọ fún un ni ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀, nítorí ta ni kò mọ ìyẹn?

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ọlálẹ́yẹ, ló ni ìkòkò náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn rẹ̀ fún Túbọ̀sún ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

"Sàró, gbọ́. Ọjọ́ tí Ìdí-Ọ̀mọ̀ ìlú wa ń jó, ìyá mi bọ́ sínú odò, ó fa ìdí òṣíbàtà kan yọ tòun tẹrẹ̀, ó gbé e sínú igbá, ó gbé igbá lé mi lórí. Ó ní kí n máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò bọ̀. Mo fa Ọlálẹ́yẹ lọ́wọ́, mo rìn títí mo fi dé abẹ́ Olúmọ."

Ó fọwọ́ kan etí ìkòkò náà.

"Nílé wa, ọmọbìnrin kì í rélé ọkọ láìgba díẹ̀ nínú ìdí òṣíbàtà ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni òun náà bí. Nítorí náà, ọgbọ̀n ọdún ni òṣíbàtà yìí ti ń dúró de Àbẹ̀kẹ́." Tẹjúmádé ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjèèjì ti kúrò ní "ẹ", ó ti di "ìwọ".

"Bí mo bá kọ́lé," Túbọ̀sún sọ lọ́jọ́ kan, "n óò fi àárín àgbàlá sílẹ̀ láìfi òrùlé bò ó."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ìkòkò."

"Ìkòkò ta ni?" Ó mọ̀ dáadáa. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni.

"Ti ẹnì kan tí mo fà jáde nínú omi."

"Ẹni tí kò rì," ni Tẹjúmádé sọ, ó sì sá wọlé kó má baà rí ẹ̀rín òun. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé bí ilé Ọlálẹ́yẹ bá ti oko òwú dé, Túbọ̀sún yóò rán àgbààgbà wá tọrọ rẹ̀.

Gbogbo ilé lọ sóko lọ́nà Odeda láti lọ ká òwú. Túbọ̀sún nìkan ló kù, ó ń kan fèrèsé. Ìfẹ́ wá ń gún un ní kẹ́ṣẹ́. Kí ni òun lè ṣe tí inú Ìyá Àgbà yóò fi dùn? Ojú rẹ̀ lọ síbi ìkòkò. Omi rẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn. Ní Sàró, olùkọ́ rẹ̀ ti fi pàṣán kọ́ ọ pé inú omi tó ń rùn ni ibà ń gbé.

Ó gbọ́n omi náà dànù. Ó wa ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri. Ó fi ọṣẹ àti yanrìn fọ ìkòkò títí ó fi ń dán. Ó fi ọṣẹ fọ ìdí òṣíbàtà náà, ó fọ̀ ọ́ bí ẹni fọ ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ló pọn omi tó mọ́ lóló láti inú ìsun, ó dà á sí i, ó fi òṣíbàtà léfòó lé e lórí. Ó pa ọwọ́ pọ̀, ó dúró de ìyìn.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dé. Tẹjúmádé dúró, ẹrù òwú lórí.

"Túbọ̀sún, ẹrẹ̀ dà?"

"Mo ti kó o dànù. Ṣé o rí bí ó ti mọ́?"

Ẹrù òwú bọ́ sílẹ̀. Tẹjúmádé sáré lọ sí ẹ̀yìn ògiri, kò bá nǹkan kan. Bùsírátù, aládùúgbò wọn, ti rí ẹrẹ̀ tó dára nílẹ̀, ó sì ti fi í rẹ́ ògiri ilé adìẹ rẹ̀. Oòrùn ti mú un gbẹ. Wọ́n sáré bu ẹrẹ̀ etí odò Ògùn wá, ṣùgbọ́n ọṣẹ ti wọ ìdí náà lára. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti rà pátápátá.

Ìyá Àgbà kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn.

"Òṣíbàtà kún ojú odò, ìyá mi," Ọlálẹ́yẹ wí. "Ẹ jẹ́ ká mú òmíràn."

"Ó kún ojú odò lóòótọ́," Ìyá Àgbà dáhùn. "Èwo nínú wọn ni ìyá mi gbé lé mi lórí?" Ó yíjú sí Túbọ̀sún. "Sàró, o ṣeun iṣẹ́. Máa lọ sílé rẹ. Àbẹ̀kẹ́ kò ní ohun tí yóò rù lọ sílé ọkọ mọ́."

Tẹjúmádé sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi kàn ni wọ́n fẹ́ tì mọ́ mi," Túbọ̀sún wí. Kò lè gbójú sókè.

"Mi ò bínú sí ọ. O ò mọ̀ ni." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìfẹ́ rẹ kò dín lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n n kò lè gun ọkàn Ìyá Àgbà kọjá lọ sílé ọkọ. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, irú aya wo ni n óò jẹ́ fún ọ?"

Túbọ̀sún kò sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wá ọdẹ kan tí ń jẹ́ Dìran lọ, ẹni tó mọ igbó àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó gbé igbá olómorí kan dání.

Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni láti Abẹ́òkúta dé Ìdí-Ọ̀mọ̀. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n ti kó bàbá àti ìyá rẹ̀. Bí igi bá ṣẹ́, àyà rẹ̀ a já. Bí ẹyẹ bá fò, a fẹ́ sápamọ́. Dìran fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u, ṣùgbọ́n Túbọ̀sún kò padà.

Ìdí-Ọ̀mọ̀ kò kù ju àfọ́kù ìkòkò àti ògiri tí ewé ti bò lọ. Igi ọ̀mọ̀ kan dúró láàárín wọn. Túbọ̀sún sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò. Odò ti gbẹ. Kò sí omi, kò sí ewé, kò sí òdòdó. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

"Jẹ́ ká máa lọ," Dìran wí jẹ́jẹ́.

Túbọ̀sún fi ọwọ́ ti ilẹ̀ kó lè dìde. Ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Lábẹ́ èépá gbígbẹ yẹn, ẹrẹ̀ ṣì tutù, ó dúdú, ó sì ń rùn bí omi ìkòkò ti ń rùn. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wa ẹrẹ̀ náà sínú igbá títí igbá fi kún, ó gbé e rù. Lójú ọ̀nà, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì ń pín omi mímu rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ kó má baà gbẹ.

Nígbà tó wọ àgbàlá Ọlálẹ́yẹ, kóòtù rẹ̀ ti fàya. Ó sọ igbá kalẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, mo dé Ìdí-Ọ̀mọ̀. Odò ti gbẹ, n kò rí òṣíbàtà. Ẹrẹ̀ nìkan ni mo rí mú bọ̀. Ẹ foríjì mí."

Ìyá Àgbà ṣí igbá. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbé ọwọ́ náà símú. Ó yíjú sí Túbọ̀sún.

"Igi ọ̀mọ̀ ń kọ́?"

"Ó wà, Ìyá. Ẹ̀ka rẹ̀ ìsàlẹ̀ kan tẹ̀ lọ sí ọ̀nà odò."

"Èyí tí a máa ń gùn," ni Ìyá Àgbà wí, ẹkún sì gbà á. Ọlálẹ́yẹ kò rí ẹkún ìyá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé Abẹ́òkúta. "Ẹsẹ̀ mi kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Ìwọ bá mi dé ibi tí mo fi ìyá mi sí. Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ o, ọmọ mi. Kí ni ìyá tìrẹ máa ń kì ọ́?"

"Àjàní."

"Àjàní, dìde nílẹ̀. Bí ẹrẹ̀ yìí hù, bí kò hù, mo ti fi Àbẹ̀kẹ́ fún ọ."

Túbọ̀sún kò lè dìde. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó tún pè é bẹ́ẹ̀. Tẹjúmádé ló wá fà á sókè.

"Èmi náà ti fà ọ́ jáde wàyí," ó sọ ọ́ sí i létí. "A ti di ọgba."

Wọ́n da ẹrẹ̀ náà sínú ìkòkò, wọ́n bu omi lé e. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò sí nǹkan. Òjò kejì rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Tẹjúmádé ki orí bọ ìkòkò, ó sì figbe ta tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìẹ Bùsírátù fi fọ́nká. Ewé pupa kékeré kan, tí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, ti yọ láti ara ìdí òṣíbàtà kan tó fara pamọ́ sínú ẹrẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀, ó ń kí i bí ẹni kí àlejò.

Wọ́n so Tẹjúmádé àti Túbọ̀sún pọ̀ nígbà tí òṣíbàtà náà tan òdòdó àkọ́kọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sin ìyàwó dé ilé tuntun tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sí Aké, wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Igbá tí Ìyá Àgbà gbé lé e lórí kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi dé àárín àgbàlá, níbi tí kò sí òrùlé, níbi tí ìkòkò kan ti ń dúró.

Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìkòkò, ó gbin ìdí òṣíbàtà sínú ẹrẹ̀. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹrẹ̀ Ìdí-Ọ̀mọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lójú níwájú gbogbo èèyàn.

"Áńkáṣífù dà, Àjàní?"

"Ó wà lápò," Túbọ̀sún dáhùn. Kò sì nu ojú rẹ̀ títí àlejò tó kẹ́yìn fi lọ sílé.