Sóólù Ẹṣin Nùrẹ́nì

Ẹṣin náà dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ kẹrin wà lórí itan ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Mọ̀dínátù ní Ẹ̀gan, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ìyá ṣe ń fẹ́ ojú ọgbẹ́ ọmọ. Eruku ọyẹ́ ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun bíi ti arúgbó, ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú sókè, Mọ̀dínátù rí i pé kò lè ju ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Oṣù kìíní ọdún 2009 ni.

Ó béèrè bóyá wọ́n ní rọ́bà tó nípọn. Mọ̀dínátù ní sóólù bàtà èèyàn lòun ń ṣe.

“Èèyàn lòun náà, jàre,” ni ọkùnrin náà wí, ó sì fọwọ́ pa ẹṣin náà lára. “Kò kàn tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ ni.”

Orúkọ rẹ̀ ni Nùrẹ́nì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá rẹ̀ ló fún un ní ẹṣin náà, Pupa, tó máa ń gbé ọmọdé ya fọ́tò lọ́jọ́ iléyá. Ẹni tó ni ilẹ̀ tí Pupa ń gbé ti fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ kí òjò tó dé, bàbá sì ní kí wọ́n mú ẹṣin náà bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gbé Pupa wá sí Èkó ṣubú ní Ọ̀tà, láti ọjọ́ náà kò jẹ́ gun ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ló máa fi rìn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Alágbẹ̀dẹ ti kan irin mọ́ pátákò rẹ̀, àmọ́ òkúta ojú títì ń wọ inú kòtò abẹ́ irin náà, ó ń gún un. Bí ẹsẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, ẹṣin ti lọ nìyẹn.

Mọ̀dínátù wo kòtò náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó po omi kẹ́míkà inú kẹ́ẹ̀gì méjì pọ̀, kó dà á sínú irin tí wọ́n gbẹ́ bí àtẹ́lẹ̀ bàtà, kó sì dúró kó di rọ́bà. Ó ní wọ́n lè da irú rẹ̀ sínú pátákò.

Ti àkọ́kọ́ já bọ́ lọ́jọ́ kẹta bí èépá ọgbẹ́, torí pé ó dà á sórí pátákò tó tutù. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fọ̀ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi aṣọ nù ún títí ó fi gbẹ táútáú. Àwọn méjèèjì jọ gbé ẹsẹ̀ náà sókè títí rọ́bà fi dì. Ọwọ́ Nùrẹ́nì wà lórí ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Pupa rìn dé Ìgàndó, ó sì padà láìtiro.

Ó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ọjọ́ tí Nùrẹ́nì kì í wá. Ó ń ra ẹ̀pà sísun wá, ó ń pe Mọ̀dínátù ní “dókítà wa”. Mọ̀dínátù kò mọ̀ bóyá nítorí pátákò ló ṣe ń wá, tàbí nítorí òun. Kò tilẹ̀ mọ èyí tí òun alára fẹ́. Bí iṣẹ́ bá dára, ọkùnrin náà á lọ. Bí kò bá dára, á dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i pé òun ti mọ̀ọ́mọ̀ dín omi kejì kù. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó jókòó, ó sunkún, kò sì lè sọ ohun tó ń sunkún sí.

Bàbá Mọ̀dínátù, Àlàájì Sàlàkọ́, ń wò wọ́n. Ó rán an létí Báyọ̀dé, ẹni tó fẹ́ ẹ sọ́nà fún oṣù mọ́kàndínlógún. Ọjọ́ tó kọ́ ìwọ̀n omi méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀ tán ló ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì títì, tí ìfẹ́ sì parí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọdún 2004. Gààrí nìkan ni Mọ̀dínátù mu títí di Jímọ̀.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń tú irin ẹsẹ̀ ẹṣin yẹn, kí wọ́n da rọ́bà tuntun,” ni bàbá wí. “Má kọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n, dandan ni kó padà wá.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Síbẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí Nùrẹ́nì lọ, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì síwájú rẹ̀, ó ní kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó.

Ojú Nùrẹ́nì rẹ̀wẹ̀sì. “Ṣé o ò fẹ́ kí n padà wá mọ́ ni?”

“Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin ló máa dá ẹ padà.”

Nùrẹ́nì wò ó títí, bí ẹni tí wọ́n sọ èdè tí kò gbọ́ sí. Ó kọ́ iṣẹ́ náà, ó bu omi méjèèjì dání, ó sì lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ti délé, pé ẹsẹ̀ Pupa dá ṣáká. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Mọ̀dínátù mọ̀ pé ó ti lè da rọ́bà náà fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò sọ pé “mo sọ fún ẹ”, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ keje, ọkọ̀ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nùrẹ́nì bọ́ sílẹ̀, àgbàlagbà méjì tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì. Àlàájì béèrè bóyá pátákò ti bàjẹ́ ni.

“Rárá, Bàbá. Mo ti da tuntun sí i, ó dì dáadáa. Kò sí iṣẹ́ tí mo wá gbé fún Mọ̀dínátù.” Ó mí kanlẹ̀. “Ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà yẹn kò yé mi, títí mo fi da rọ́bà yẹn tán tí mo rí i pé mo ṣì fẹ́ wá.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà wúkọ́, ó tún agbádá ṣe, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé ohun tó gbé wọn wá.

“Mo gbà,” ni Mọ̀dínátù wí.

Àgbà náà wo Àlàájì, ó ní àwọn ò tíì tọrọ nǹkan kan. Àlàájì ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tọrọ rẹ̀ kíá, torí ọmọ òun ti dáhùn.