Omi Àmù Ilé Yésúfù

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan lọ́dún 1958 ni Sìdí, ọmọ ọdún mẹ́rin, kú ní ilé Yésúfù ní Bẹyẹrúnkà. Ó jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, ó ṣeré, gìrì mú un lọ́sàn-án, kò rí ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gìrì kan náà mú Sàláúdéènì, àbúrò rẹ̀. Morádéyọ̀, ìyá wọn, kò bí òmíràn.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tí wọ́n ń nàka sí. Èjìdé ni, ìyálé Morádéyọ̀, tó ń ta ìkòkò ní Ọjà'ba. Kò bímọ rí. Wọ́n ní ẹyẹ kan ń ké lórí òrùlé rẹ̀ lálaalẹ́ láti ìgbà tí Sàláúdéènì ti ń ṣàìsàn. Èyí tó burú jù ni pé kì í mu omi àmù ilé. Òrù kékeré kan wà nínú yàrá rẹ̀ tó ti ń bu omi tirẹ̀ mu. Yésúfù, ọkọ àwọn méjèèjì, ti sọ pé bí ọmọ kejì bá kú, kí Èjìdé di ẹrù rẹ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀, gìrì tún mú ọmọ náà. Bó ti fi í sílẹ̀, Morádéyọ̀ fún un lómi tútù, ó pọ̀n ọ́n, ó já wọ yàrá ìyálé rẹ̀.

"Ẹ ti jẹ ọ̀kan, ìyálé mi. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi!"

"Èmi ń jẹ ọmọ, mo wá rù báyìí?" Èjìdé kò dìde. "Lọ wá àjẹ́ tó sanra."

"Kí ló dé tí ẹ kì í mu omi wa?"

"Ìkòkò ni mo ń tà. Àmù ilé fọ́ lóṣù tó kọjá, o kọ̀, o ò rà lọ́wọ́ mi, o lọ gbé òmíràn wá. O dójú tì mí, o tún fẹ́ kí n máa mu níbẹ̀?"

Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Èjìdé dìde, ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀. Omi ṣì wà níbẹ̀.

"Kí lo fún un?"

"Omi ni. Bó bá ti bọ́ lọ́wọ́ gìrì ni mo ń fún un."

"Tí gìrì á tún mú un?"

Morádéyọ̀ tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà.

"Níbo lo ti rí àmù yẹn?"

"Lóko. Ó wà lófìfo lẹ́yìn ahéré. Mo fi iyanrìn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"N ò béèrè."

Èjìdé jáde, ó da omi nù, ó fi ọmọ ọlọ fọ́ àmù náà. Fọláṣadé aládùúgbò figbe ta: "Ẹ wá wò ó o! Ó ń fọ́ àmù ilé!" Èjìdé ò wẹ̀yìn. Ó ju àpáàdì rẹ̀ kan sínú iná. Kò pẹ́ tí òórùn kíkan fi gba àgbàlá. Yésúfù, tó ń ṣe àlùwàlá, ju bútà sílẹ̀.

"Oògùn kòkòrò kòkó nìyẹn! Àmù tí lébìrà mi fi ń po oògùn ni! Mo ṣe bí olè ló gbé e."

"Amọ̀ ń mu nǹkan," Èjìdé ní. "Ìdí tá a fi ń ya ìkòkò aró sọ́tọ̀ nìyẹn. Iyanrìn ò lè fọ inú amọ̀. Ara àgbà lè gbà á díẹ̀, tọmọdé ò lè gbà á. Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù!"

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gbé Sàláúdéènì padà wálé láàyè. Síbẹ̀, nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin ṣì ń bo garawa wọn bí Èjìdé bá ti yọ. Morádéyọ̀ fara dà á títí, kò lè mọ́.

"Kì í ṣe ìyálé mi," ó ní. "Èmi ni mo gbé àmù náà wálé."

Fọláṣadé fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Morádéyọ̀. Àwọn yòókù náà sún.

Èjìdé gbé garawa rẹ̀ wá, ó dúró sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀.

"Pọn omi," ó ní. "Ọmọ ń dúró dè wá."