Ẹrù Tí A Kò Béèrè

Ìṣó kún ẹnu ọmọbìnrin kan tó ń tún àga ṣe nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé ẹrù kiri kọ́kọ́ rí i. Ó kúnlẹ̀ níwájú àga ńlá kan tí wọ́n ti bọ́ aṣọ ara rẹ̀ kúrò, ó ń fi ètè ti ìṣó wẹ́wẹ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi òòlù kékeré kàn wọ́n mọ́ etí aṣọ tuntun. Òwú funfun lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀ káàkiri. Ọ̀dọ́kùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, ó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lù ú," ló rí sọ nígbẹ̀yìn.

Ọmọbìnrin náà tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́, ó nu ètè. "Kí ni mo fẹ́ buwọ́ lù? Mi ò ra nǹkan kan."

"Kò sẹ́ni tó ń rà mọ́, àǹtí. Wọ́n kàn ń fi ránṣẹ́ ni."

Òótọ́ ló sọ. Ilé-ìtajà kan ṣoṣo ló kù ní àdúgbò náà, orí fóònù ló sì wà. Mo-ti-Mọ̀ làwọn èèyàn ń pè é. Tẹ́lẹ̀, èèyàn á wá ohun tó fẹ́, á sì sanwó. Nígbà tó yá, Mo-ti-Mọ̀ ò dúró de ìbéèrè mọ́. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé, ó ń wo ohun tí wọ́n ń wò, á wá gbé ẹrù ránṣẹ́. Tí o bá buwọ́ lù ú, owó á kúrò ní báńkì rẹ. O lè kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan.

Ìdí tí wọn ò fi ń kọ̀ ni pé ẹrù náà kì í ṣìnà. Tíṣà tó ń gbé ní òdìkejì gba ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó já bọ́ lórí àkàbà, ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìyàwó ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe gba aṣọ ọmọ ìkókó kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ti lóyún. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kù ti ilẹ̀kùn. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wàá rí páálí lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò tó mọ̀ pé wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún òun.

Bàbá ọmọbìnrin náà yọ láti yàrá ẹ̀yìn. Lẹ́tà ni bàbá yìí fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ pín fún ilé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó bọ̀wọ̀ fún bí orúkọ àti àdírẹ́sì.

"Orúkọ ta ló wà lára ẹ̀?" ló béèrè.

"Ti àǹtí yìí ni, bàbá."

"A jẹ́ pé tiwa ni. Mú bírò wá."

"Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Èmi náà ò mọ ohun tó wà nínú àwọn lẹ́tà tí mo pín. Ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ̀."

Bàbá buwọ́ lù ú, ó tú páálí. Bàtà ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀, ó tóbi gan-an. Ẹsẹ̀ bàbá lè sùn nínú rẹ̀ kó tún yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ọ̀dọ́kùnrin náà wo bàtà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, kì í pẹ́ kó tó padà wá. Orúkọ tí ọmọbìnrin náà sọ ọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Buwọ́lù. Òun náà ń pe ọmọbìnrin yìí ní Alága, nítorí àga tó yí i ká.

"Alága, mo kí yín o. Ṣé ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀yin là ń dúró dè. Ẹ wá jókòó síbí, kí n fi yín dán àga yìí wò. Tó bá gbà yín, á gba ẹnikẹ́ni."

"Ṣé mo wá wúwo tó yẹn ni?"

"Ẹnu yín ló wúwo."

Bí wọ́n bá ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, fóònù ọmọbìnrin náà, tó dojú dé lórí tábìlì, á tan iná fúnra rẹ̀, á sì kú. Wọn ò kọbi ara sí i nígbà náà. Ta ló ń wo fóònù nígbà tí ọkàn bá ti ń lọ síbòmíràn?

Lọ́jọ́ kan, òjò pa ọ̀dọ́kùnrin náà dé orí egungun, bàtà rẹ̀ sì ń da omi. Ọmọbìnrin náà fa bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn jáde lábẹ́ tábìlì, ó ní kó wọ̀ ọ́ títí òjò yóò fi dá. Ó wọ̀ ọ́ bí ẹni pé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rán an. Àwọn méjèèjì wo bàtà náà, wọ́n wo ara wọn. Ara ọmọbìnrin náà bù máṣọ, àmọ́ ọwọ́ tó fi di okùn bàtà mú ò tètè kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ife tíì méjì dé. Lẹ́yìn náà ni aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì èèyàn kan lọ, tí ọmọbìnrin náà sáré fi pamọ́ sábẹ́ fóòmù. Inú bàbá ń dùn ṣìnkìn. "Ṣé o rí i?" ló máa ń sọ. "Wọ́n ti mọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tútù sí ọmọbìnrin náà lára. Bó bá dùbúlẹ̀, á máa bi ara rẹ̀ pé ta ló kọ́kọ́ mọ̀ gan-an.

Páálí tó dé tẹ̀ lé e kéré, ó gba inú àtẹ́lẹwọ́. Bàbá tú u. Òrùka ni.

Ọmọbìnrin náà yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin tó gbé e wá. "Ìwọ lo rà á?"

"Rárá. Mo búra." Ó nawọ́ sókè. "Mo ń ro ó lọ́kàn ni. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kan, mi ò wò ó lórí fóònù, mi ò yà síbì kan béèrè iye ẹ̀. Ọkàn mi nìkan ló wà."

Lórí tábìlì, fóònù tan iná, ó kú.

"Olólùfẹ́ mi," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí jẹ́jẹ́, "bó ti wù kó débí, ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ náà nìyẹn."

"Má bi mí." Ó gba òrùka náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé e lé orí àga tó ṣófo. "Ṣé èmi ni mo fẹ́ràn ẹ ni, àbí wọ́n fi ẹ́ ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n ṣe fi ife ránṣẹ́? Wọ́n ti wọn ẹsẹ̀ ẹ kí n tó rí ẹ. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́ nínú gbogbo ẹ̀."

"Èmi mọ tèmi."

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà gun alùpùpù rẹ̀ lọ láìrẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà padà sídìí àga, ó kó ìṣó sẹ́nu kí bàbá má baà lè bi í ní nǹkan kan.

Ó sọ fún Mo-ti-Mọ̀ pé kí ẹlòmíràn máa gbé ẹrù wá. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọ̀dọ́kùnrin kan náà ni wọ́n ń rán. Kò sọ ju "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lù ú" mọ́, ó tún ń lo "ẹ" fún un bí ẹni tí òun ò mọ̀ rí. Ó dun ọmọbìnrin náà, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé ó dun òun.

Nígbà náà ni páálí fẹ́ẹ́rẹ́ kan dé, kò wúwo rárá. Ọmọbìnrin náà wà ní ẹ̀yìn, ó ń gé fóòmù. Bàbá ló buwọ́ lù ú, ó tú u níbi tó dúró sí, ọ̀dọ́kùnrin náà ò sì tíì yí alùpùpù padà. Aṣọ dúdú ló wà nínú rẹ̀, gígùn dé ilẹ̀, pẹ̀lú ìbòjú dúdú àti ìbọ̀wọ́ dúdú. Káàdì kékeré wà lórí rẹ̀: *Fún opó. Ẹ kú ọ̀fọ̀.*

Bàbá wo ọ̀dọ́kùnrin náà láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń wo òkú tó ṣì ń mí.

"Ọmọ mi, máa lọ," ló sọ fún un. "Mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n má padà wá síbí mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Kò ní ṣe opó níṣojú mi."

Ọ̀dọ́kùnrin náà rí aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá. Ó gun alùpùpù lọ.

Ọmọbìnrin náà jáde wá, ó rí aṣọ dúdú, ó ka káàdì. Ó ju ọ̀bẹ ìgéfóòmù sílẹ̀, ó sá jáde láìwọ bàtà, ó sá gba ààrin títì níwájú gbogbo ilé tó ti ilẹ̀kùn, ó ń pè é. Ìkóríta ló ti bá a, ọ̀dọ́kùnrin náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, ó dorí kodò. Ọmọbìnrin náà di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, èjìká rẹ̀, àyà rẹ̀, títí ó fi dá a lójú pé ó wà ní pípé.

"O wà láàyè," ló ń sọ. "O wà láàyè."

"Mo wà. Wò mí, mo wà."

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Mo-ti-Mọ̀ ló ní kó fẹ́ ẹ, òun náà ló tún ní kó bẹ̀rù rẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ òun ti sá dé ìkóríta kí òun tó ronú. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn ránṣẹ́ sí i. Ó fa ọ̀dọ́kùnrin náà lọ́wọ́, wọ́n jọ padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá ṣì dúró síbi tí wọ́n fi í sí, aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ ẹ," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Wọn kì í ṣì í, ọmọ mi. O mọ̀ pé wọn kì í ṣì í."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ kọ ẹrù yìí."

"Ohun tí a bá ti tú, a ti gbà á. Òfin ni."

"Ta ló tú u?"

Bàbá gbé aṣọ náà sórí tábìlì.

"Orúkọ ta ló wà lára páálí, bàbá?"

Bàbá wo páálí. Gbogbo ọdún tó fi pín lẹ́tà, nínú òjò, nínú oòrùn, kò sí ọjọ́ kan tó tú lẹ́tà ẹlòmíràn. Ohun tó fi ń yangàn láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló wà lára páálí yẹn, ó wà lára gbogbo páálí tó ti tú látìgbà tí Mo-ti-Mọ̀ ti dé, ó sì ń tú wọn bí ẹni pé òun ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ojú tì í gan-an. Ó jókòó sórí àga tó wà nítòsí.

"Mo ṣe é," ló sọ. "Mo ṣe ohun tí mi ò ṣe rí."

"Bí ẹni tó ni lẹ́tà bá kọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa dá a padà síbi tó ti wá ni. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni." Ó yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin náà, omi lé sí i lójú. "Ẹ̀rù ń bà mí o, ọmọ mi. Mi ò ní purọ́ fún ẹ."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, bàbá," ni ọ̀dọ́kùnrin náà dáhùn.

"Gbogbo wa lẹ̀rù ń bà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Síbẹ̀ mo fẹ́ ẹ."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ náà padà, ó dì í dáadáa bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ó kọ ọ́ sára páálí pé ẹni tó ni ín ò gbà á. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bàbá dúró lẹ́yìn wọn, ó di ọkọ ọmọ rẹ̀ mú lápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, akọ̀wé sì rò pé àárẹ̀ ló mú bàbá.

Páálí fẹ́ẹ́rẹ́ náà padà dé. Wọ́n kọ̀ ọ́, ó tún dé. Títí dòní ni ó ń dé, ọkọ ni wọ́n sì ń rán láti gbé e wá, torí òun ló ń gbé ẹrù àdúgbò yẹn. Á kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe là á sílẹ̀, á na páálí sí aya rẹ̀. Aya rẹ̀ kì í wo páálí náà. Ojú ọkọ rẹ̀ ló máa ń wò, fún ìgbà pípẹ́.

"Mi ò gbà á," ni yóò sọ.

Ọkọ á gbé e padà sórí alùpùpù, á lọ. Aya á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ lọ́jọ́ náà, títí yóò fi gbọ́ pé alùpùpù ọkọ rẹ̀ ti yà wọ àdúgbò.